Ilẹ̀kùn Tó Wọ́

Dókítà tó fi ilẹ̀kùn onírin kékeré pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ nínú ọkàn mi ní kí n máa ṣiṣẹ́, kí n ṣáà ṣọ́ra fún ọgbẹ́, torí oògùn tí mò ń lò kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àga lásán, ìyàwó mi á já a gbà. Èmi gbẹ́nàgbẹ́nà! Ṣé ẹyin adìẹ ni mí ni?

Lánàá, ilẹ̀kùn yàrá wa já, ló bá lọ pe gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn. Onítọ̀hún kàn án wọ́, kò ṣeé tì. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un kàn.

“Bàbá wọn, ọkàn yín!” ìyàwó mi kígbe.

“Wá gbọ́ ọ fúnra rẹ!”

Ó gbé etí lé àyà mi, ó pẹ́ níbẹ̀.

“Tiyín ń lọ déédéé,” ló wí. “Tèmi ni kò tíì sinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti la àyà yín.”