Bí Mo Ṣe Gbàgbé Electron Méjì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí helium ṣe fẹ́ lé mi kúrò ní school.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Nurse ni mí nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Grand Prairie, mo sì ń kàwé lọ́wọ́ kí n lè máa ṣiṣẹ́ nuclear medicine, ìyẹn fífi radiation ṣàyẹ̀wò àìsàn. Lọ́dún tó kọjá, mo fìdí rẹmi nínú physics. Wọ́n ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, mo ti kúrò nínú program náà nìyẹn.

Ìṣirò tó dà mí láàmú nìyí. Proton méjì àti neutron méjì ló wà láàárín átọ́ọ̀mù helium. Tí ẹ bá wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ kó ìwọ̀n wọn pọ̀, ó máa ju ti helium fúnra rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tó dín yẹn la fi ń ṣírò agbára tó so wọ́n pọ̀, ìyẹn binding energy.

Ìdáhùn yẹ kó jẹ́ 28.3 MeV, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára yẹn. Tèmi ń jẹ́ 27.3. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, 27.3 náà ni. Kí ni mo ṣe fún un?

Mo lọ bá olùkọ́ wa. Ó ní ìṣirò mi dáa, kí n tún table tí mo ti mú ìwọ̀n helium wò. Ó wá rọra sọ pé bóyá kí n drop class náà kí ọjọ́ tí wọ́n fún wa láti drop tó kọjá. Mo ní, "Rárá, sir. Mi ò ní drop."

Ọkọ mi náà ní kí n sinmi, pé iṣẹ́ tí mo ní ti tó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo tún ṣí ìwé.

Ní Tuesday, mo ń wọn màmá kan tó wà lórí wheelchair. Ṣẹ́ ẹ mọ̀, tàga-tàga la máa ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ká tó yọ ìwọ̀n àga kúrò. Mo ti ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ nígbà tí màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo ti yọ àga àwọn, torí àwọn ò sanra tó bẹ́ẹ̀.

Àga yẹn ló rán mi létí helium. Odindi átọ́ọ̀mù ni helium inú table yẹn: wọ́n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú electron méjèèjì tó ń yí i ká. Èmi sì ń wọn proton àti neutron láìsí electron kankan!

Nígbà break, mo jókòó sínú mọ́tò, mo fi ìwọ̀n electron méjì kún tèmi. 28.3. Mi ò ní purọ́, mo sunkún díẹ̀.

Iron ni wọ́n gbé jáde nínú exam, mo sì rántí ka àwọn electron rẹ̀ mọ́ ọn. Mo gba B.

Ohun tí mo kọ́ ni pé tí àṣìṣe bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe pé orí wa ò pé. Ohun kan wà tá ò tíì kà mọ́ ọn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ padà sí school lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dàgbà bíi tèmi, iṣẹ́ wo ló le jù fún yín, báwo lẹ sì ṣe borí ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa.