Wọ́n Ní Alága Kò Mọ Ibi Tó Ń Lọ

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí. Kò di ipò kankan mú o. Àga ló ń tún ṣe. Bí tìmùtìmù bá ti rì, tí ẹsẹ̀ àga sì ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, ní yàrá iwájú ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé àbúrò òun kò mọ ibi tó ń lọ láyé. "Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó fi í sílẹ̀. Ó ránṣọ, ó pa á tì. Ó ta ìwé, ó tún kúrò níbẹ̀. Kí lẹ máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín?"

Mo lọ wádìí. Ta ló mú un kúrò nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì? Ẹ̀gbọ́n ni, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì tí kò sẹ́ni tí yóò bá a gbọ́mọ. Ta ló gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n náà ni. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun ríbi sùn. Ìwé títà ńkọ́? Ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ̀gbọ́n sì ní obìnrin ni ìtọ́jú kàn. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹni tí ẹ ti títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ wá ń bi pé kí ló dé tí kò dúró!

Àga títún ṣe nìkan ló kù fún un. Nígbà tí iṣẹ́ náà wá gbèrú, ẹ̀gbọ́n gbé ọmọ rẹ̀ tó kàwé ìṣòwò wá, ó fi jẹ ọ̀gá lé e lórí.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin tíṣà kan gbé àga wá. "Alága, ẹ gbà mí. Àwọn ọmọ yìí tún ti fi eré ṣẹ́ ẹ."

Alága dojú àga bolẹ̀, ó wo igi tó ṣẹ́. Ó mọ ọkọ tíṣà: ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tí kì í jókòó lóde mọ́ látìgbà tí àga ti ṣẹ́ mọ́ ọn nídìí lójú èèyàn. "Ọmọdé ò mọ̀ ju eré lọ, mà. Ẹ fi sílẹ̀." Ó ti ń wá irin tí yóò fi gbè é lábẹ́, níbi tí ojú ò ní tó.

Ọ̀gá tuntun bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ wo? Àfi tẹ́ ẹ bá bí erin! Ẹ ní kí dádì wọn máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Tíṣà gbé àga rẹ̀, ó jáde.

"Ṣebí òótọ́ ni mo sọ?"

"Òótọ́ ni. Ta ló bi ẹ́?" Alága ti ń kó òòlù àti ìṣó sápò. "Obìnrin ń bo ọkọ ẹ̀ láṣìírí, ìwọ ń ká aṣọ lára wọn. Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ nìyẹn?"

Ó tẹ̀ lé tíṣà délé. Mo bá wọn lọ. Ó kan irin náà mọ́ abẹ́ àga, ó ní kí baálé ilé wá dán an wò. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ fi ìdí kan lé e, ó dúró díẹ̀, ó fi ìkejì lé e. Àga ò tilẹ̀ dún.

Nígbà tí a padà, àgádágodo tuntun ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ lẹ́rán lórí àtẹ̀gùn. Èmi ló kọjú sí: "Ṣó o rí i? Ó tún ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ."

Kí n tó lanu, Alága ti yọ òòlù. Ó gbá àgádágodo náà, kò já. Ó tún un gbá.

"Ìwọ! Kí lo rò pé ò ń ṣe?"

"Mò ń wọlé, bọ̀ọ̀dá mi."