Ẹsẹ Orin Tí Kò Wọ Inú Àwo

Ọkùnrin tó ń lu ìlù sámbà fún ẹgbẹ́ olórin ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé orin tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀ ti gùn jù. Etí òkun la jókòó sí lábẹ́ igi àgbọn, níbi tí wọ́n ti máa ń fi orin kọ́ra. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lọ sí Èkó lọ gba àwo wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó gbọn iyanrìn kúrò lójú ìlù rẹ̀, ó ní, "Oníwèé-ìròyìn, bá wa bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀. Bí a bá máa kí gbogbo ẹni tó fẹ́ kí yìí, Òyìnbó tó fẹ́ gba orin wa sílẹ̀ á ti jẹun ọ̀sán, á ti sùn, á ti jí, kí a tó délé."

Ẹ̀gbọ́n mi ń fa okùn gìtá rẹ̀ le. Kò gbójú sókè. "A máa délé," ló ní.

"Ìgbà wo?"

"Ìwọ sáà máa lù ú lọ."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórin yìí. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é. Èmi ti ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Èkó nígbà náà, ìsinmi ni mo wá lò ní Àgbádárìgì. Ìjọba Òyìnbó ṣì wà lórí oyè, kò sì tíì sí ẹnikẹ́ni ní ìlú wa tó ti gbọ́ ohùn ọmọ ìlú wa nínú giramafóònù.

Agẹgi ni bàbá rẹ̀. Ayùn ńlá olórí méjì ni wọ́n fi ń la igi sí pákó: ẹnìkan á dúró lókè igi, ẹnìkan á wà nínú kòtò nísàlẹ̀, wọ́n á jọ máa fà á lọ, fà á bọ̀. Bàbá ló ń dúró lókè. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti lágbára ló ti ń wà nínú kòtò, tí ìyẹ̀fun igi ń dà sí i lójú. Kí ọwọ́ àwọn méjèèjì lè bá ara wọn mu, Bàbá máa ń kọrin kan lédè Ègùn, èdè tí à ń sọ nílé wa. Òun fúnra rẹ̀ ló dá orin náà sílẹ̀. Ojú ọ̀nà la ti máa ń gbọ́ ọ, ayùn á máa gbè é.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn oníbàárà ń dúró de pákó, ẹ̀gbọ́n mi jáde kúrò nínú kòtò, ó gbọn ara rẹ̀ nù, ó gbé gìtá, ó lọ. Kò padà. Nígbà tí mo bi Bàbá léèrè ọ̀rọ̀ náà, kò bú gìtá, kò bú ọtí, kò bú àwọn tí ọmọ rẹ̀ ń bá rìn. Ohun tó sọ ni pé, "Ó fi mí sílẹ̀ lórí igi, lójú àwọn èèyàn." Ó gba ọkùnrin mìíràn sínú kòtò. Ọkùnrin náà kò mọ bí a ṣe ń bá orin náà fà, Bàbá sì dákẹ́ orin kíkọ. Bàbá àti ọmọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Orin yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbà sílẹ̀. Ó gba ohùn rẹ̀ bí Bàbá ṣe ń kọ ọ́, ó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i láti kí àwọn èèyàn etí òkun wa. Ẹsẹ tó kẹ́yìn nìkan ló fi sílẹ̀ lédè Ègùn. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Otọ́ ṣie," ìyẹn ni bàbá mi. Nínú ẹsẹ náà ló ti sọ ẹni tó ni orin, tó sì tọrọ àforíjì.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kúkú ní lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn ni?"

Ó ní, "Àbúrò, ojú mi ò gbà á. Orin ni n óò rán síwájú. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, n óò tẹ̀lé e."

Èèyàn lè bèèrè pé kí ló dé tí kò fi ẹsẹ Bàbá ṣáájú. Àwọn olórin wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni, wọ́n á sì máa bọ̀ nílé díẹ̀díẹ̀: ará Sẹ̀mẹ̀ ní ẹnubodè, ará Apá, olórí àwọn apẹja, àwọn obìnrin Aradagun tó ń fún òróró àgbọn. Ẹni tó bá súnmọ́ ọ jù ló ń kẹ́yìn, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa jókòó sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí bàbá ara rẹ̀, wọ́n á ní kò rí àlejò.

Láńṣì ni wọ́n wọ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí Èkó, yàrá mi ni gbogbo wọn sì sùn sí. Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé wọn dé ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Òyìnbó kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Ògbufọ̀ rẹ̀ sọ fún wọn pé ojú kan àwo kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, pé tí iná pupa kan bá tàn, kí wọ́n parí orin. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó ní aago nínú wọn. Ní etí òkun, orin kì í tán títí àwọn tó ń jó á fi jókòó.

Ohun tí onísámbà sọ fún mi nígbà tí wọ́n jáde bá mi níta nìyí: "Iná yẹn tàn. Aradagun la wà."

Ẹ̀gbọ́n mi ti mí kanlẹ̀ láti bọ́ sí ẹsẹ Ègùn nígbà tí Òyìnbó gbé ọwọ́ sókè. Gìtá nìkan ló fi ká a nílẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó tún un ṣe. Ògbufọ̀ lọ sẹ́yìn gíláàsì, ó padà, ó ní, "Òyìnbó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tó parí sí yẹn gan-an ló dùn."

Òótọ́ ni Òyìnbó sọ. Àwo méjì nínú páálí kan ni wọ́n gbé jáde, orin yẹn ló sì wà lójú àkọ́kọ́. Kò sí ibi tí kò dé. Olórí àwọn apẹja ra giramafóònù nítorí orúkọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ó máa ń gbé e síta lẹ́yìn tí wọ́n bá fa àwọ̀n tán, tí abẹ́rẹ́ bá sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ dákẹ́, wọ́n ń pè mí." Ní Sẹ̀mẹ̀, ọkùnrin aṣọ́bodè kan sọ fún mi pé àwọn tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ẹnubodè máa ń kọ ọ́ kọjá níwájú òun, wọn kò sì gbọ́ Yorùbá. Àwọn obìnrin Aradagun sọ ẹsẹ tiwọn di orin iṣẹ́. Ọdún yípo, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gbé àwo tiwọn jáde, èèyàn jó o, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Wọn kò gbàgbé tiwa. Bí èyí tí wọ́n rà bá ti gbó, òmíràn ni wọ́n ń rà.

Èmi ni mo gbé e lọ fún Bàbá, pẹ̀lú giramafóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀ mí, kí n lè ṣàlàyé. Mo bá a níbi kòtò, ó jókòó lórí igi tó ti là dé àárín. Mo ní, "Bàbá, ẹ káàsán. Mo gbé àwo ọmọ yín wá."

"Mo ti ń gbọ́ ọ lójúde àwọn èèyàn," ló ní. "Mi ò tíì gbọ́ ọ délẹ̀. Fi í sí i."

Mo yí giramafóònù, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí orúnkún rẹ̀, bíi pé ayùn wà nínú rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń gbọ́. Nígbà tí gìtá ká orin nílẹ̀, kò mira. Abẹ́rẹ́ ń ha lásán.

"Ó kù?"

"Ó tán, Bàbá."

"Yí i padà."

Mo yí i padà. Mo fi èkejì sí i, mo yí ìyẹn náà padà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Mi ò sí níbẹ̀."

Mo sọ ọ̀rọ̀ iná pupa fún un. Mo sọ ẹsẹ tó kù, bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní Bàbá náà ṣá mọ̀ pé ilé là ń kí kẹ́yìn.

"Mo mọ̀," ló dáhùn. "Ó yẹ kí òun náà mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó." Ó fi àtàǹpàkò tọ́ eyín ayùn wò. "Orin mi ló mú. Ó fi kí olórí apẹja, ọkùnrin tí kò san owó pákó mi títí dòní."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wá kọ èyí tó kù fún yín nílé."

"Nínú yàrá? Ṣé inú yàrá ló ti fi mí sílẹ̀? Kó kọ ọ́ lójú àwọn èèyàn. Mo ń dúró."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kò sí òde tí ẹ̀gbọ́n mi lọ tí kò gbìyànjú ẹsẹ náà, kó lè mọ ibi tí wọ́n á ti gbọ́ ọ délẹ̀, kó sì ránṣẹ́ pe Bàbá síbẹ̀. Àmọ́ inú àwo ni gbogbo ayé ti kọ́ orin yẹn. Onísámbà ní, "Bí a bá ti kí Aradagun tán báyìí, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Wọ́n á jókòó. Òun á ṣì la ẹnu, wọ́n á ní, 'Ẹ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.' Ní Apá, bàbá kan sọ fún un pé kó má ba orin olórin jẹ́."

Ó bẹ àwọn oníléeṣẹ́ àwo kí wọ́n gba orin náà sílẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n ní kí ló ṣe èyí tó ń tà.

Ikọ́ ló pa Bàbá, lẹ́yìn òjò, ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé. Láti Èkó ni mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ti wà lóde eré ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí àwa méjèèjì fi dé, wọ́n ti kan pósí. Ìyàwó ilé kan tó tọ́jú Bàbá sọ fún wa pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Ó kàn ń bèèrè bóyá òde kankan wà lọ́sẹ̀ náà," ló ní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, lọ́sàn-án, àgbàlá kún dé ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ kò mọ Bàbá, olórin ni wọ́n wá bá kẹ́dùn. Ará Sẹ̀mẹ̀ wá, ará Apá wá, olórí àwọn apẹja mú ẹja wá. Wọ́n ní kó kọ orin náà fún bàbá rẹ̀. Ó dìde nínú aṣọ dúdú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gbè é. Ó kí wọn bí ó ṣe ń kí wọn, kálukú gbọ́ tirẹ̀, kálukú mi orí. Ó kí Aradagun.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga, wọ́n ń bèèrè omi, àwọn tó máa wọ láńṣì padà ti ń dìde. Ó ń kọrin lọ. Onísámbà rọ ìlù rẹ̀ sílẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè jáde, síbẹ̀ ariwo borí rẹ̀. Èmi tí mo dúró tì í gbọ́ "Otọ́ ṣie", mo gbọ́ díẹ̀ nínú ìyókù. Ó kọ ọ́ délẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kankan.

Obìnrin àgbà kan láti Aradagun wá dì í lọ́wọ́ mú. Omijé wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí o fi kún un yẹn, má fi kún un mọ́. Bó ṣe wà nínú àwo ló dáa jù."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà."