Ìlà Márùn-ún Tí Bàbá Mi Fà Sára Ògiri

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ùsì-Èkìtì lóṣù tó kọjá. Ó ṣì ń dùn mí.

Olùkọ́ ni bàbá mi nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan níbẹ̀. Kó tó kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà búlúù kọ Òfin Mẹ́wàá sára ògiri gbọ̀ngàn wọn. Márùn-ún ló kọ kí àìsàn tó dá a dúró. Ibi tó ti ní ká bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá ló parí sí. Àmọ́ ó ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà márùn-ún sílẹ̀ fún àwọn òfin tó kù, tín-ín-rín báyìí. Tí mo bá ti rí wọn, ó máa ń ṣe mí bíi pé ńṣe ló kàn lọ mu omi, pé ó ń bọ̀.

Mo jáde yunifásítì, iṣẹ́ ò sí, mo wá ń bá wọn kọ́ kíláàsì kẹta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o: torí ògiri yẹn ni mo ṣe lọ!

Nígbà tí àwọn tó ti jáde níbẹ̀ gbé ọ̀dà funfun wá, ọ̀gá ilé-ìwé pe ìpàdé òbí. Ṣé kí wọ́n kun ògiri náà ni, àbí kí n kọ ọ́ parí? Màmá Díákónì, tó ń darí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, dìde. Ó ní ọmọ tí kò bá rí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nílé-ìwé, ṣé inú fóònù ni yóò ti rí i? Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà sọ̀rọ̀. Mo ní ògiri gbogbo èèyàn gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó dùn lẹ́nu mi gan-an!

Bàbá Ràṣídì wá dìde. Káfíńtà ni, Mùsùlùmí ni, bàbá mi ló sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà.

"Àǹtí, ẹ kọ ọ́ parí. Ọwọ́ tíṣà mi ni. Àmọ́ ulé ùwé gbogbo wa rèé. Ṣé ẹ ó fi ògiri òdìkejì sílẹ̀ kí àwa náà kọ tiwa?"

Màmá Díákónì ní láéláé! Ẹnì kan ní kó lọ kọ ọ́ sára àga tó ń kàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Bàbá rẹ ló kọ eléyìí. Kí ni ìwọ wí?"

Mo mọ ìdáhùn. Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kò kan ti Bàbá Ràṣídì náà ni? Ṣùgbọ́n mo wo ojú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo ro ohun tí wọ́n máa sọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo tẹjú mọ́lẹ̀, mo dákẹ́.

Ọ̀gá ní nígbà tí a ò ti fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n kùn ún. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹ̀ ti funfun.

Mo ṣì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà lára ògiri ilé-ìwé, n ò yí ohùn padà. Àmọ́ ohun tí mò ń tọrọ fún ara mi, ó yẹ kí n lẹ́nu láti gbà á fún ẹlòmíràn. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ni mi ò lè sọ!

Lánàá, mò ń fọwọ́ pa ògiri náà, mò ń wá ibi tí ìlà kẹfà ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé Bàbá Ràṣídì wà lẹ́yìn mi, ó wá tún bẹ́ǹṣì ṣe.

"Ibẹ̀ kọ́ o, Àǹtí," ó ní. "Ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀."

Ṣé ẹ̀yin náà ti dákẹ́ rí níbi tó yẹ kí ẹ ti sọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.