Oògùn Tí Ọkọ Mi Sè fún Bàbá Rẹ̀

Òórùn ewé tó ń hó lórí sítóòfù ni mo fi máa ń mọ̀ pé ọkọ mi ti dé láti yunifásítì tó ti ń kọ́ni, níbí ní Ìwó. Kí n tó lọ́kọ, ìwé ìtàn ìrìn-àjò ni oúnjẹ mi, àwọn ìwé tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ti máa ń wọ inú ihò àpáta tàbí ìsàlẹ̀ òkun lọ, torí pé ó ṣáà fẹ́ mọ̀. Irun rẹ̀ a rí wúruwùru, kò sì ní rántí jẹun. Mo ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo máa fẹ́, mo sì rí i fẹ́. Àṣé Ọlọ́run a máa gbọ́ àdúrà òmùgọ̀! Èmi náà ni mo ń ha ìkòkò tó jóná.

Ìtọ̀ ṣúgà tó ń ṣe bàbá rẹ̀ ló ń wá oògùn sí. Àáfà ni bàbá ọkọ mi, inú agbo ilé wa ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ṣùgbọ́n egbò kan wà lẹ́sẹ̀ wọn tó kọ̀ tí kò jiná, dókítà sì ti ń sọ̀rọ̀ gígé. Ọkọ mi ní wọn ò ní gé ẹsẹ̀ náà lójú òun. Ó ń lọ já ewé nínú oko ní Kuta àti Olúpọ̀nnà, ó ń sè é, ó ń dà á nù, ó tún ń sè é. Nígbà tí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn jáde, ó ní òun ò lè fún bàbá òun ní ohun tí òun ò kọ́kọ́ tọ́ wò. Ó bá mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n, ó sì ń bì. Mo ní ká lọ sí ọsibítù.

"Rárá. Má fún mi ní nǹkan kan. Tí a bá da oògùn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, báwo la ṣe máa mọ ohun tí tèmi ń ṣe?"

Ó ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń dán. Mo bínú, mo sunkún, mo pe Bàbá wá bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Nígbà tí a máa fi rí i gbé sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ó kú lọ́sibítù láàárọ̀.

Dókítà bẹ̀ wá pé kí àwọn yẹ òkú náà wò, kí a lè mọ ohun tó pa á. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo ní kí wọ́n gbà, torí mo fẹ́ mọ̀.

"Ìyàwó, a kì í dá òkú Mùsùlùmí dúró," ni wọ́n wí. "Ṣé kí n máa wò kí wọ́n fi ọ̀bẹ la ọmọ mi ni?"

A sin ín kí ìrun Aláásárì tó tó. Àwọn àgbà tó wá kí wa ń sọ pé a rí tàìsàn ṣe, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Lẹ́yìn wa, gbogbo àdúgbò ń sọ pé oògùn ara rẹ̀ ló pa á.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, Bàbá wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n ní kí n gbé oògùn tó ṣẹ́kù wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé òun ló pa á ńkọ́?"

"Èmi ló sè é fún. O ní o fẹ́ mọ̀, mo sì dí ọ lọ́nà. Ọ̀nà tó kù nìyí."

Mo di ẹsẹ̀ wọn mú, wọ́n rọra já a gbà, wọ́n wá ìgò náà fúnra wọn, wọ́n ṣe Bísímílà, wọ́n sì mu ún. Mo jókòó tì wọ́n, ẹ̀rù ń bà mí. Ilẹ̀ mọ́, ara wọn dá. Ilẹ̀ tún mọ́, ara wọn ṣì dá. Kò wo egbò wọn sàn, kò sì pa wọ́n. Ìgbà náà ni Bàbá tó wá sunkún ọmọ wọn.

"Ibà ni, ìyàwó. Ibà lásán ló pa ọmọ mi."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nígbẹ̀yìn, Bàbá náà sì ti re ọ̀run. N ò lè búra pé ibà ni, a ti sin ẹ̀rí mọ́ ọn. Mo ti darúgbó díẹ̀ báyìí, n kì í bá àwọn ará àdúgbò jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n inú ọkọ mi ṣì máa ń bí mi, nítorí oògùn ibà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa lọ́jọ́ tó ní kí n má fún òun ní nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á.