Lawrence, Ẹni Tó Ń Bá Wa Tẹ "Mo Gbà"

"Mọ́mì, ta ló ráyè máa ṣọ́ ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń rìn lọ sóko?"

Lawrence ló bi mí bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ní kó sọ ohun tí áàpù rẹ̀ ń kọ sílẹ̀ nípa wa. Ọmọ Odigbo ni. Iléeṣẹ́ kan tó ń fi iye owó kòkó ránṣẹ́ sórí fóònù ló gbà á síṣẹ́, wọ́n fún un ní ọ̀kadà àti ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́ ju ti pásítọ̀ lọ. Ẹrẹ̀ ò kàn án rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bá àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan lóko, kó ṣàlàyé pé áàpù náà ń ṣọ́ ibi téèyàn ń lọ, ìgbà tó ṣí i, àti ohun tó tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yóò wá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ "Mo gbà".

Lawrence wá ọgbọ́n sí i. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Araromi-Obu, ó gba fóònù ogójì èèyàn, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni sá kòkó, ó sì ń bá wa tẹ "Mo gbà" lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn wa ń dúpẹ́. Kí n tó débẹ̀, ó ti tẹ tèmi.

Mo gba fóònù mi, mo jókòó, mo kà á láti òkè délẹ̀.

"Lawrence, wọ́n ní fóònù òṣìṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀. Ó ń ṣọ́ ìwọ náà o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ajá kì í gbó olówó rẹ̀."

Nígbà tí oṣù parí, Adéjùmọ̀kẹ́, ọ̀gá rẹ̀, wá láti Àkúrẹ́, ó sì pè wá jọ.

"Lawrence, o kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́jọ lo lò lóko Agbabu."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré."

"Ọjọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ilé ẹlẹ́ran ìgbẹ́ ní oríta Ore ni fóònù rẹ wà, láti aago mẹ́wàá títí di mẹ́rin."

"Ta ló ní kí wọ́n máa ṣọ́ mi?"

"Ìwọ ni. O tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó o gba ọ̀kadà."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹran wo ni, Lawrence? Òkété àbí ọ̀yà?"

Adéjùmọ̀kẹ́ ti rí i pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ti tẹ gbogbo "Mo gbà" wa, àmọ́ kò lé e. Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì: kó lọ bá gbogbo àwa ogójì nílé, kó ṣàlàyé, kó tún béèrè. Bó bá ku ẹyọ ẹnì kan tí kò ṣàlàyé fún, kó dá ṣẹ́ẹ̀tì àti ọ̀kadà padà.

Èmi ló fi ṣe ìkẹyìn, lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé. Ó jókòó, ó ń kà á fún mi. Níbi tó ti fẹ́ fo ìlà kan, mo ní kó padà sẹ́yìn. Ó kà á tán.

"Mọ́mì, ṣé ẹ gbà?"

"N kò gbà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù mi. Àlàyé tó jẹ mí, ó ti san án pé. Kó máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ.