Akàn Méje Lẹ́yìn Màrìwò

"Dúró síbẹ̀!"

Ohùn ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló gba orí omi wá bá mi. Ẹrẹ̀ dúdú ti mù mí dé orúnkún, akàn méje sì ń ha inú ike tí mo gbé dání. Gbogbo wọn ló di ẹyin mọ́ abẹ́ ikùn.

Ní Àgbóyì tiwa, lẹ́yìn Kétu, bí wọ́n bá ti so màrìwò mọ́ igi méjì lẹ́nu ẹ̀ka odò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹja, akàn tàbí igi níbẹ̀ títí wọn ó fi tú u. Ìdílé tó bá rú òfin kò ní bá wọn pẹja lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u. Ìyá àgbà fúnra wọn ló ń so ó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ọ̀kánjúwà ló kó mi débẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó rí mi."

"Èmi ńkọ́? Ṣé igi ni mí?"

Wọn ò nà mí. Wọ́n ní kí n tú àwọn akàn náà sílẹ̀. Mo bèèrè ihò tí kálukú ti jáde.

"Fi wọ́n sílẹ̀. Akàn mọ ilé ẹ̀."

A jókòó títí èyí tó kẹ́yìn fi wọlé. Ìyá àgbà he ìkarahun òkun funfun kan lẹ́nu ihò, èyí tí akàn hú jáde. "Òkun ti dé ibí rí. Àwọn igi yìí ló ń dá a dúró. Ẹni tó bá gé wọn, omi á bá a nílé."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí mo ṣe fún gbogbo ará etí odò. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú màrìwò, òórùn ẹja yíyan gba àdúgbò, ìyá àgbà sì ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tì mí, mo sunkún.

"Nu ojú ẹ. Gàrí wà nílé."

Nígbà tí àwọn oníyanrìn wá láti ra ibẹ̀, kí wọ́n fi yanrìn dí i, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni gbogbo apẹja gbọ́. Wọn ò tà á. Títí dòní, lékeléke ń sùn níbẹ̀, bí òjò bá sì le, ibẹ̀ ló ń gba omi tí ì bá wọ yàrá wa.

Èmi ló ń so màrìwò báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gé igi kan níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú màrìwò, tí gbogbo ilé ń yan ẹja, gàrí lásán lèmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ mu.